Iná Aṣẹ́jú Tí Ń Mi Jẹnẹrétọ̀ Jìgìjìgì

Ìyá kan tí ó ni gbọ̀ngàn ìnáwó ní Àkóbọ̀, ní Ìbàdàn níbí, ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ 10 kVA, oníféèsì kan. Wọ́n ní bí iná NEPA bá wà, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, tí iná aṣẹ́jú méjìlá tí ó wà lórí pèpéle sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn tí wọ́n ń kú, gbogbo gílóòbù inú gbọ̀ngàn a máa bá wọn ṣẹ́jú, UPS (àpótí bátìrì tí ń gbé iná dúró) tí àwọn ayafídíò so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ a máa dún ta-ta-ta, firísà ilé ìdáná sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín òde. Oníná kan ní kí wọ́n ra sìtébùláísà 10 kVA. Òmíràn ní kí wọ́n ta jẹnẹrétọ̀ náà, kí wọ́n ra 20 kVA. Wọ́n ń béèrè èwo ni kí àwọn ṣe.

Màmá, ẹ kú àmójútó, ẹ sì kú ìnáwó gbogbo ìgbà. Ẹ má tíì ra ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì tí ó gbà yín nímọ̀ràn ti ń pèsè oògùn kí wọ́n tó mọ ibi tí ó ń dun aláìsàn. Ohun mẹ́ta ni ó lè máa mì nígbà tí iná yín bá ń ṣẹ́jú: ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ AVR tí ń ṣètò fóltéèjì jẹnẹrétọ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lójú ẹni tí ó jókòó sínú gbọ̀ngàn, ọ̀kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, àtúnṣe wọn kò sì bára mu rárá. Ẹ ti kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé yín bí ẹni pé kò tó nǹkan, pé ohùn ẹ́ńjìnnì a máa wọlẹ̀, a sì máa gòkè bí ẹni tí ń mí hẹlẹ, ní ìbámu pẹ̀lú iná tí ń ṣẹ́jú. Gbólóhùn yẹn ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi yóò padà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn iná náà ń bèèrè lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ ní 300 wáàtì ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé méjìlá wọn jẹ́ 3,600 wáàtì, èyí tí ó ń fa bíi áńpíà 16 ní 230 fóltì. Gbogbo áńpíà tí 10 kVA lè gbé kò ju 43 lọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí iná yín bá ṣẹ́jú, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta agbára jẹnẹrétọ̀ ni a ń gbé kà á lórí lójijì tí a sì ń gbé kúrò lójijì. Iná irú èyí tí ó ní irun wáyà nínú tún burú sí i ní ti pé, nígbà tí irun náà bá tutù, ó lè fa ìlọ́po mẹ́wàá áńpíà tí ó ń fà nígbà tí ó bá ti pọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífà yẹn kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kíún lọ. Iná NEPA kò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, nítorí pé tíráńsífọ́mà àdúgbò sábà máa ń tó 300 tàbí 500 kVA, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀rọ Káínjì, Jẹ́bà, Ṣíróró àti Ẹ̀gbìn ti ń yí pa pọ̀ bí ẹni tí ó di ọwọ́ ara wọn mú. Ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ yín, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú irin ràbàtà kan tí ń yí lẹ́yìn rẹ̀ kí ó má baà tètè rẹ̀ ẹ́.

Bí a ṣe máa mọ èyí tí ń mì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gba owó púpọ̀. Ẹ yan ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ìnáwó. Kí oníná yín wá gílóòbù méjì ti àtijọ́, 60 wáàtì, èyí tí irun inú rẹ̀ máa ń pọ́n, kì í ṣe LED. Kí ó so ọ̀kan mọ́ ẹnu jẹnẹrétọ̀ gan-an, níbi tí wáyà ti jáde kí ó tó dé changeover (súìsì tí a fi ń yan NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀), kí ó sì so ìkejì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó jìnnà jù lẹ́bàá pèpéle. Kí ẹ pa gbogbo iná yòókù, kí ẹ wá jẹ́ kí àwọn méjìlá náà máa ṣẹ́jú. Kí ẹnì kan dúró ti gílóòbù ìta, kí ẹlòmíràn dúró ti ti inú, kí àwọn méjèèjì máa pè é jáde bí ó bá ti ń wọlẹ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé mo ń pe gílóòbù ní ẹlẹ́rìí nígbà tí mítà wà. Ọ̀pọ̀ mítà tí àwọn oníná wa ń gbé kiri kì í ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí ó fi ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí iná bá sì ṣẹ́jú kíá, mítà náà yóò kàn fi nọ́ńbà tí ó wà láàárín hàn, yóò ní 221, yóò ní 223, oníná yóò sì búra fún yín pé fóltéèjì dára. Ṣùgbọ́n irun gílóòbù kì í purọ́: bí fóltéèjì bá wọlẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá péré, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù ní nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ènìyàn kò sì ní ṣàìrí i. Mítà tí ó ní bọ́tìnnì MIN/MAX sàn jù, nítorí pé ó máa ń pa nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ mọ́. Bí oníná yín bá ní èyí tí ó lè gbá wáyà mú, tí ó sì lè ka Hz (iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Bí gílóòbù ẹnu jẹnẹrétọ̀ bá dúró ṣinṣin, tí ti inú nìkan ń wọlẹ̀, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, wáyà ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Wáyà kópà 2.5 mm², irú èyí tí a fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, ní nǹkan bí 7.4 ọ̀mù ní 1,000 mítà. Bí ó bá jẹ́ 40 mítà ni láti ilé jẹnẹrétọ̀ dé pèpéle, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80 mítà, èyí tí í ṣe bíi 0.6 ọ̀mù, áńpíà 16 tí ń gba ibẹ̀ kọjá yóò jẹ bíi 9.5 fóltì sójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí iná bá tàn. Wáyà 6 mm² yóò sọ ọ́ di bíi 4 fóltì. Èyí tí ó dára jù ni pé kí iná pèpéle ní wáyà tirẹ̀ láti ibi brẹ́kà, kí ó má ṣe bá UPS àti ilé ìdáná pín wáyà kankan, nítorí fóltì tí ó bá sọnù lójú wáyà náà, àwọn iná náà nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà mìíràn kì í ṣe wáyà ni ó tín, oríkèé rẹ̀ ni ó jó. Kí oníná pa jẹnẹrétọ̀, kí ó sì rí i dájú pé iná NEPA pàápàá kò lè wọlé, kí ó tó ṣí changeover, kí ó wo ibi tí wọ́n ti de wáyà nútírà, èyí tí iná ń gbà padà. Mo ti rí èyí tí ìbòrí wáyà rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, tí rọ́bà rẹ̀ ti yọ́ tí ó ti ṣàn sílẹ̀ tí ó sì gan, tí ó jẹ́ pé bí mo ṣe fi ọ̀bẹ kan kàn án ni súkúrúù fúnra rẹ̀ mì. Ẹni tí ó ń lò ó ti ń gbọ́ òórùn ẹja yíyan fún oṣù méjì, ó rò pé ilé ìdáná ni. Ọ̀ràn nútírà kì í ṣe ọ̀ràn eré: níbi tí iná bá ti jẹ́ oníféèsì mẹ́ta, bí nútírà bá já, féèsì kan lè wọlẹ̀ sí 150 fóltì kí òmíràn fò sókè kọjá 300, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ óò sì mọ iye tẹlifíṣọ̀n tí ó kú. Bí ẹ bá rí i pé gílóòbù kan ń ṣe bàìbàì nígbà tí òmíràn ń mọ́lẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ, ẹ pa gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí gílóòbù méjèèjì bá jọ ń wọlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni. Ibí yìí ni Hz ti wúlò. Iná wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ́ńjìnnì yín, bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú àwọn oní-dísẹ́ẹ̀lì ilé, gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó lè fún wa ní 50 Hz náà. Bí Hz bá dúró ní àyíká 50 nígbà tí fóltéèjì ń wọlẹ̀ tí ó ń gòkè, ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, AVR ni kí wọ́n yẹ̀ wò: bóyá ó ti gbó, bóyá súkúrúù tí ń ṣètò ìfarabalẹ̀ rẹ̀ ti kúrò ní ipò, bóyá bírọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán lára jẹnẹrétọ̀ tí ó ní bírọ́ọ̀ṣì, bóyá wáyà tín-ín-rín tí AVR fi ń wo fóltéèjì kò lẹ̀ mọ́ ibì kan dáadáa. Bí Hz pàápàá bá ń wọlẹ̀ pẹ̀lú fóltéèjì, ẹ́ńjìnnì ni ó ń rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ọ̀pọ̀ oníná kò mọ̀ nípa AVR. Wọ́n ṣe é pé bí ìyára ẹ́ńjìnnì bá wọlẹ̀ kọjá ibì kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ 47 tàbí 48 Hz, AVR fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ọ́mọ̀ dín fóltéèjì kù, kí ẹrù lè fúyẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó lè rí ààyè mí. Kì í ṣe àìsàn, ìwà rẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa pààrọ̀ AVR títí.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn. Ní ilé ìjọsìn kan ní ìlú yìí, ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ ṣe, mo pààrọ̀ AVR lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé iná ń jó pẹ̀lú ìlù ní gbogbo ìṣọ́ òru. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo wá ronú láti ka Hz. Láìsí ẹrù kankan, ó wà ní 48.5. Mo bi ọkùnrin tí ó ń tan jẹnẹrétọ̀ náà léèrè, ó sì fi inú dídùn sọ fún mi pé òun ni òun yí súkúrúù ìyára sílẹ̀ kí dísẹ́ẹ̀lì lè pẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí iná bá tàn, ẹ́ńjìnnì a wọlẹ̀ sí 46, AVR a rí i, a sì ju fóltéèjì sílẹ̀. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. A dá súkúrúù padà sí ibi tí ó ti ń fún wa ní 52 Hz láìsí ẹrù, kí ó lè wọlẹ̀ sí 50 nígbà tí ẹrù bá kún, bí gọ́fánọ̀ tí ń darí ìyára ẹ́ńjìnnì (kì í ṣe èyí tí ó wà ní Àgodi o) ti yẹ kí ó máa ṣe. Owó AVR méjì ni mo sì san padà.

Nítorí ohùn ẹ́ńjìnnì tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ ni ọkàn mi lọ nípa ti yín. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ ka Hz láìsí ẹrù. Bí ó bá tó 51 sí 52, kí ó wo fílítà dísẹ́ẹ̀lì, kí ó wo bóyá afẹ́fẹ́ ń wọ inú páìpù epo, kí ó wo fílítà afẹ́fẹ́ tí eruku ọyẹ́ máa ń dí, lẹ́yìn náà nọ́sù tí ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà sípíríǹgì gọ́fánọ̀ àti irin tí ó so ó mọ́ ọ̀pá epo, bóyá ó ti gbẹ tí kò lè rìn geerege. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fílítà tí kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán kan máa ń jẹ́ òpin ẹjọ́.

Ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kan tí mo fẹ́ràn. Ẹ yí ìyára tí iná fi ń ṣẹ́jú padà, láti ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì, sí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sí ẹ̀ẹ̀mejì, títí lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ óò rí ìyára kan tí mímì náà fi burú jù, tí yóò sì rọlẹ̀ bí ẹ bá kọjá rẹ̀. Ó dà bí okùn jáńgílófà tí àwọn ọmọdé máa ń so mọ́ igi máńgòrò: bí a bá ń ti ọmọ náà ní àkókò tí okùn ń padà bọ̀ gan-an, ìka kan tó láti gbé e ga, ṣùgbọ́n bí a bá ń tì í ní ìtì-kúù-tì, kò ní kúrò lójú kan. Gọ́fánọ̀ ní àkókò tirẹ̀ tí ó fi ń lọ tí ó sì fi ń bọ̀, iná yín sì lè ti bá a ṣe déédéé. Bí ó bá jẹ́ wáyà, ìyára kò ní í yí ohunkóhun padà. Fóltì tí ó ń sọnù yóò máa jẹ́ ọ̀kan náà. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní wárápá má ṣe wà nínú gbọ̀ngàn nígbà àyẹ̀wò yìí, nítorí iná tí ó bá ń ṣẹ́jú ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lè gbé e dìde lára ẹlòmíràn.

Nípa sìtébùláísà: inú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, yálà súìsì kéékèèké ni ó ń pààrọ̀ ara wọn, tàbí mọ́tò kékeré kan ni ó ń yí lọ yí bọ̀ láti wá fóltéèjì tí ó tọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbà á tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dáhùn. Nígbà tí ó bá fi máa gbé fóltéèjì sókè nítorí iná tí ó tàn, iná náà ti kú, fóltéèjì tí ó gbé sókè yóò wá ré kọjá ààlà. Nígbà tí ó bá fi máa gbé e sílẹ̀, iná ti tún tàn. Kò ní í gbádùn, firísà yín kò sì ní í gbádùn. Kò sì sí sìtébùláísà tí ó lè tún Hz ṣe.

Ti 20 kVA ńkọ́? Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ọ̀rọ̀ pátápátá, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi kì í tètè mọ ẹrù lára. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé púpọ̀ nínú 20 kVA tí ẹ óò rí lọ́jà jẹ́ oníféèsì mẹ́ta, áńpíà tí féèsì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè gbé kò sì ju bíi 29 lọ. Ti yín lè gbé 43 lórí féèsì kan ṣoṣo tí ó ní. Bí oníná bá wá so gbogbo iná pèpéle mọ́ féèsì kan ṣoṣo, bí mo ṣe máa ń rí i, ẹ ti ná owó ńlá láti ra ohun tí ó kéré sí èyí tí ẹ ní. Síwájú sí i, ní ọ̀sán tí ó bá jẹ́ pé fáànù àti firísà nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńjìnnì tí ẹrù rẹ̀ kò tó ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún wákàtí púpọ̀ kì í jó epo rẹ̀ tán. Epo dúdú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti ẹnu sàlẹ́ńsà.

Àtúnṣe kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ẹ sì lè ṣe é ní Sátidé tí ń bọ̀ kí mẹkáníìkì tó dé. Kí ẹni tí ń darí iná pèpéle pín méjìlá náà sí ọ̀nà méjì, kí mẹ́fà máa tàn nígbà tí mẹ́fà kejì bá ń kú. Lójú àlejò, iná ṣì ń jó. Lójú jẹnẹrétọ̀, 1,800 wáàtì tí kò yẹsẹ̀ ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí ó ru ẹrù tí kì í mì. Bí ẹ̀rọ ìdarí yín bá lè dín ìmọ́lẹ̀ kù, kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn iná náà kú pátápátá, kí ó fi wọ́n sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá, kí irun inú wọn má baà tutù. Nígbà tí owó bá sì yọ, ẹ pààrọ̀ wọn sí LED. Iná LED tí ó lè mọ́lẹ̀ tó ti 300 wáàtì yẹn kì í sábà gbà ju 100 wáàtì lọ, ìyẹn ni pé áńpíà 16 yóò di bíi 5. Èmi ìbá ná owó jẹnẹrétọ̀ tuntun lórí èyí kí n tó ná an lórí irin.

UPS àwọn ayafídíò kò ní ẹ̀bi. Ó ń rí fóltéèjì tí ó wọlẹ̀, ó sì ń sá lọ sórí bátìrì. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fura púpọ̀. Bí ẹ bá so ínfátà mọ́ ọ́fíìsì, ẹ wo bóyá ó wà ní ipò UPS (ti kọ̀ǹpútà) tàbí APL (ti ẹ̀rọ ilé lásán). Lórí ọ̀pọ̀ wọn, ipò UPS kì í gba ohun tí ó bá kéré sí 170 fóltì, APL a sì gbà á títí dé 90, nítorí náà ẹ má ṣe fi ínfátà sí ipò APL bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí rẹ̀. Ní ti firísà, kí ẹ so ẹ̀ṣọ́ kékeré tí ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta mọ́ ọn, kí kọ̀ńpẹ́rẹ́sọ̀ rẹ̀ lè sinmi kí ó tó tún gbéra, nítorí gbígbéra léraléra ni ó ń pa á.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn àyẹ̀wò ìrọ̀lẹ́ yẹn: Hz láìsí ẹrù, Hz tí ó kéré jù nígbà tí iná bá ń ṣẹ́jú, fóltéèjì tí ó kéré jù ní ẹnu jẹnẹrétọ̀, àti èyí tí ó kéré jù lẹ́bàá pèpéle. Kí ẹ sì bá mi bi ẹni tí ń tan jẹnẹrétọ̀ yín léèrè, pẹ̀lú sùúrù, bóyá ó ti fọwọ́ kan súkúrúù kankan.